Èémí Ọmọ Ni Kí a Wò: Dídá Àìsàn Ọ̀nà Èémí Mọ̀ Lára Àwọn Ọmọdé ní Adó-Èkìtì

Nígbà tí ọ̀yẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ní Adó-Èkìtì ní nǹkan bí oṣù Kejìlá, tí eruku sì bo òrùlé láti Òkèṣà títí dé Báṣìrì, agbára káká ni a fi lè rí ilé tí ọmọdé wà tí a kò ní gbọ́ ikọ́ níbẹ̀, tàbí ukọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkìtì ti ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń rí láàárín ìgbà òjò, nígbà tí òtútù bá mú kí odindi ẹbí sùn sínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikọ́ wọ̀nyí jẹ́ òfìnkìn lásán, tí yóò wá tí yóò sì lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lo oògùn kan sí i. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn a máa sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóóró, a sì di òtútù àyà, àìsàn tí ó jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àjọ UNICEF gbé jáde, ó pa nǹkan bí 162,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 nìkan, iye tí kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn lágbàáyé tí tirẹ̀ tó o ní ọdún náà. Ohun tí ó mú kí iye yìí dun ni wọra ni pé oògùn tí ó ń wo èyí tí ó pọ̀ nínú òtútù àyà kò wọ́n. Àkókò ni ó ń bọ́ mọ́ àwọn òbí lọ́wọ́, nítorí pé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó yẹ kí a fi tọ́jú ọmọ ni a sábà máa ń fi retí pé ikọ́ náà yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni àwọn òbí sábà máa ń fi díwọ̀n bí ikọ́ ọmọ ṣe le tó: bí ikọ́ náà ṣe ń dún, bí ikun imú ṣe rí, àti bí ara ṣe gbóná sí. Kò sí èyí tí kò yẹ ní kíkíyèsí nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè dá òfìnkìn yàtọ̀ sí òtútù àyà. Ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ ń mi gbogbo ilé lè máa ṣeré kí ó sì máa jẹun, nígbà tí òmíràn tí kò wúkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ lè ti wà nínú ewu. Ikun tí ó ki, tí ó sì pọ́n rúsúrúsú, a máa wáyé nínú òfìnkìn tí kò ní ewu kankan nínú. Èémí ọmọ ni ó ń sọ òtítọ́. Bí ó ṣe ń mí, iye ìgbà tí ó ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan, àti ohun tí igbá àyà rẹ̀ ń ṣe bí ó ti ń mí ni ohun tí ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí.

Láti mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ara pín sí apá méjì. Apá òkè ni imú, ọ̀nà ọ̀fun, ibi tí ohùn ti ń jáde, àti inú etí, èyí tí ihò tóóró kan so pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú. Apá ìsàlẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ń pín wẹ́wẹ́ bí wọ́n ti ń wọnú àyà lọ, àti ẹ̀dọ̀fóóró fúnra rẹ̀, níbi tí àìmọye àpò kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, ti ń fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Nínú òtútù àyà, ọyún àti omi ni ó ń kún inú àwọn àpò wọ̀nyí, tí ẹ̀dọ̀fóóró yóò sì wúwo bíi kànìnkànìn tí omi ti rin gbingbin. Nígbà tí ọmọ kò bá lè mí kanlẹ̀ mọ́, ohun tí ara rẹ̀ máa ń ṣe ni pé yóò máa mí léraléra, kí ó lè fi púpọ̀ dípò èyí tí ó jinlẹ̀. Bí èyí kò bá sì tó, iṣan pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín àyà àti ikùn yóò máa fa afẹ́fẹ́ tipátipá, àti nítorí pé egungun ìhà ọmọdé ṣì rọ̀, apá ìsàlẹ̀ igbá àyà yóò máa wọnú. Àmì méjì yìí, mímí léraléra àti àyà tí ń wọnú, ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Òfìnkìn ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àìsàn apá òkè. Fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn irú kòkòrò àìfojúrí tí oògùn apakòkòrò kò ràn, ni ó ń fà á, oríṣiríṣi wọn ni ó sì wà, ìdí nìyẹn tí ọmọ kékeré fi lè ṣe òfìnkìn ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ní àbùkù, pàápàá bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi tàbí tí ó ní ẹ̀gbọ́n tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Imú rẹ̀ yóò máa ṣomi, yóò máa sín, ara rẹ̀ lè gbóná fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ikọ́ rẹ̀ sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó lọ tán. Ọmọ ọmú ni ó ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé imú ni ó fi ń mí nígbà tí ọmú bá wà lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ mímọ́ tí ó rọ̀ nu ikun imú náà, tàbí tí a kán omi oníyọ̀ tí a rà ní ilé kẹ́míìsì sí i kí ó tó mu ọmú, ara yóò tù ú. Àwọn ìyá kan a máa fi ẹnu fa ikun náà jáde, pẹ̀lú ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn tí ó wà lẹ́nu àgbà ni ó ń gba ibẹ̀ dé imú ọmọ.

Ọ̀nà ọ̀fun dídùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, bí kò ṣe pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí bẹ́lubẹ́lu, ẹran kékeré tí ó rọ̀ sílẹ̀ ní òkè ọ̀nà ọ̀fun, tí a ṣì ń gbé àwọn ọmọ lọ gé ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ni ó ń fa ikọ́ àti àìlèjẹun. Gígé e kò wo ikọ́ kankan, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà àti àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ọ̀bẹ lè kó wọ ibẹ̀ sì ti pa ọmọ. Etí tí ọmọ ń fà tí ó sì ń sunkún lóru, tàbí tí ó ń ṣe ọyún, jẹ́ ẹ̀ka àìsàn kan náà. Nọ́ọ̀sì ni kí ó wò ó, kì í ṣe kí a ro àdín sí i, nítorí pé etí tí a fi sílẹ̀ báyìí lè sọ ọmọ di adití.

Ìtàn bí èémí kíkà ṣe di ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá kankan. Ní ìlú Goroka, lórí àwọn òkè Papua New Guinea, níbi tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú àyà kò ti tó nǹkan, dókítà Frank Shann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1984 pé òṣìṣẹ́ ìlera tí kò ní irinṣẹ́ kankan lè fi ojú àti aago nìkan mọ ọmọ tí òtútù àyà mú láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń wúkọ́. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òǹkà tí a fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa títí di òní kà. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, èémí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ti yá jù. Fún ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá, 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọmọ ọdún kan títí dé ìgbà tí yóò pé ọdún márùn-ún, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni èémí rẹ̀ máa ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi ti ọmọ ọdún mẹ́ta wọn ọmọ ọwọ́.

Ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà èyíkéyìí lè ka èémí yìí nínú ilé. Kí ọmọ wà ní ìdákẹ́jẹ́, yálà ó ń sùn tàbí ó jókòó lórí itan ẹni tí ó mọ̀, nítorí pé ọmọ tí ń sunkún, tí ń mu ọmú tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán yóò mí ju bí ó ti yẹ lọ. Kí a ká aṣọ rẹ̀ sókè títí dé àyà, kí a tẹjú mọ́ ikùn àti àyà rẹ̀, kí a sì ka gbogbo ìgbà tí ó bá wú sókè tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, fún odindi ìṣẹ́jú kan lórí aago fóònù. Àwọn kan a máa kà á fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé èémí ọmọdé kì í lọ déédéé, ti ọmọ tuntun pàápàá a máa sáré a sì tún máa rọlẹ̀, débi pé bí ó bá pé 60 ó yẹ kí a tún un kà lẹ́ẹ̀kejì.

Bí aṣọ bá ti wà lókè báyìí, kí a wo ìsàlẹ̀ egungun ìhà. Nígbà tí ọmọ tí ara rẹ̀ le bá mí sínú, àyà àti ikùn rẹ̀ yóò jọ wú sókè ni. Ṣùgbọ́n nínú òtútù àyà tí ó ti le, ikùn yóò wú, ìsàlẹ̀ igbá àyà yóò sì wọnú ní àkókò kan náà, láìjẹ́ pé ọmọ ń sunkún. Ihò imú rẹ̀ lè máa fẹ̀ bí ó ti ń mí, tàbí kí ó máa kérora díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá mí jáde. Nǹkan wọ̀nyí kò ṣeé rí lára ọmọ tí a we ní aṣọ òtútù méjì, fìlà àti ṣọ́ọ̀lù, bí a ti sábà máa ń gbé wọn wá sí ilé-ìwòsàn lásìkò ọ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì tí kò ká aṣọ ọmọ sókè kò tíì yẹ ọmọ náà wò, òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohùn èémí náà ní ohun tí ó ń sọ. Ohùn bíi súfèé nígbà tí ọmọ bá ń mí jáde ń fi hàn pé àwọn ẹ̀ka ọ̀nà afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ti fún. Nínú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń fà á, nígbà tí ó jẹ́ pé àsímà lè wà nídìí rẹ̀ nínú ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀, pàápàá bí ó bá ń padà wá. Ohùn líle tí ó ń há nígbà tí ọmọ bá ń mí sínú, tí ikọ́ rẹ̀ sì ń dún bíi gbígbó ajá, ń fi hàn pé ibi tí ohùn ti ń jáde ni ó ti wú. Bí a bá gbọ́ ohùn yìí nígbà tí ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ilé-ìwòsàn ni ó kàn, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ tàbí síbí bọ ọ́ lọ́nà ọ̀fun láti wò ó.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, bí ara ọmọ bá ti gbóná, ibà ni a máa ń kọ́kọ́ rò, oògùn ibà ni a sì máa ń kọ́kọ́ rà. Ọmọ tí ibà ń ṣe lè mí léraléra, èyí tí òtútù àyà mú náà ara rẹ̀ lè gbóná, àwọn mìíràn sì ní méjèèjì pọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí ìka, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín bí ìdajì wákàtí ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, ni ó ń sọ bóyá ibà wà. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò náà tilẹ̀ sọ pé ibà wà, èyí kò fi hàn pé òtútù àyà kò sí, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi èémí ọmọ sílẹ̀ láìkà.

Ọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn gba ìfarabalẹ̀, nítorí pé ó lè dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, awọ ara kì í tètè fi hàn. Ahọ́n àti ìdí eyín ni ó yẹ kí a wò bóyá wọ́n ti ń dúdú bí ẹni pé a fi aró kùn wọ́n, nígbà tí àmì yìí bá sì hàn, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Láàárín ọdún 2015 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fáládé ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Australia ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tí a bá gbà sílé-ìwòsàn, tí wọ́n sì ṣètò ọ́síjìn tí ó ṣeé gbójú lé fún wọn. Irinṣẹ́ náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó yẹ kí ó wà ní gbogbo ibùdó ìlera ní Èkìtì, kì í ṣe ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá nìkan.

Àwọn àmì kan wà tí wọn kò fi àyè ìdúró sílẹ̀ rárá: kí ọmọ má lè mu ọmú tàbí omi mọ́, kí ó máa bì gbogbo ohun tí ó bá wọ ẹnu rẹ̀, kí gìrì mú un, tàbí kí ó máa tòògbé débi pé a kò lè jí i dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tún wá dá yàtọ̀. Ara rẹ̀ lè má gbóná rárá, ó tilẹ̀ lè tutù ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè má wúkọ́; kí ó kọ ọmú, kí ó máa mí léraléra, tàbí kí ó kàn rọ jọwọrọ ti tó ìdí láti gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tí gìrì bá sì mú ọmọ, ohun tí a ń fún un nínú ilé lè pa á kí àìsàn tó pa á. Àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù àti efinrin ṣe jẹ́ ohun tí àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti yẹ̀ wò láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Rírọ ọmọ ní àgbo tàbí ẹ̀kọ, tí a ó fi ọwọ́ ká a lẹ́nu tí a ó sì dí i nímú kí ó lè gbé e mì, léwu lọ́nà mìíràn, nítorí pé ohun tí a rọ náà lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóóró, kí ó sì fa òtútù àyà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àjẹsára ni ó ti dín díẹ̀ nínú àwọn àìsàn ọ̀nà èémí wọ̀nyí kù, ìtàn rẹ̀ sì ní gbòǹgbò nítòsí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí ó bá Òkèmẹ̀sí-Èkìtì pààlà, ni David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Ilé-Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956, ti dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ yá àti èyí tí ara rẹ̀ kò yá bákan náà, tí káàdì ọmọ sì ń wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí bí èéyi ṣe ń pa àwọn ọmọ, nítorí pé lẹ́yìn tí ojú bá ti pọ́n tí ara sì ti sú, òtútù àyà ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Ìlú náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò ní Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960. Lónìí, abẹ́rẹ́ èéyi ń wáyé ní oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Abẹ́rẹ́ alápapọ̀ márùn-ún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012 ń dènà ikọ́ awúbì, ìyẹn ikọ́ tí ọmọ máa ń wú títí yóò fi bì, àti gbọ̀fungbọ̀fun, tí ó tún padà jà ní orílẹ̀-èdè yìí láti òpin ọdún 2022, tí ó sì pa àwọn ọmọ ní Kano jù. Abẹ́rẹ́ tí ó wà fún kòkòrò tí ó ń fa òtútù àyà jù ni a fi kún ètò náà láti ìparí ọdún 2014, a sì ń gba méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èéfín kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ààrò gààrí ní Ìgèdé tàbí ní Ìlawẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àìbìkítà, oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń wá. Síbẹ̀ èéfín náà ń ba ìbòrí ọ̀nà èémí ọmọ jẹ́, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò. Bí a bá lè gbé ọmọ fún ẹlòmíràn nígbà tí iná ń jó, tàbí kí ààrò wà ní ìta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ti ṣe é láǹfààní púpọ̀.

Nínú ilé, ohun tí òfìnkìn nílò kò pọ̀: ọmú tàbí omi léraléra, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, àti oògùn parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí mu bí ara bá gbóná tí kò sì rọ ọmọ lọ́rùn. Oyin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún ọ̀fun ọmọ tí ó ti pé ọdún kan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu èyí tí kò tíì pé e. Omi ikọ́ inú ìgò kò wo ikọ́ ọmọdé. Ní ọdún 2022 pàápàá, nǹkan bí 70 ọmọ ni ó kú ní Gáńbíà, tí wọ́n sì so ikú wọn mọ́ irú omi ikọ́ bẹ́ẹ̀ tí májèlé wà nínú rẹ̀.

Bí òǹkà èémí bá ti kọjá ààlà, ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ ilé ni ibi àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti lè fún ọmọ ní amoxicillin tí a ń pò sínú omi, kí wọ́n sì fi èyí tí àìsàn rẹ̀ bá le ránṣẹ́ sí Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó tàbí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Gbogbo oògùn náà ni kí ọmọ lò tán, ìbáà jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá ní ọjọ́ kejì, kí a sì gbé e padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì tún èémí rẹ̀ kà. Ikọ́ tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì gba àyẹ̀wò mìíràn nítorí ikọ́ ife. Ọmọdé kì í sábà lè ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, nítorí náà wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń bi ìyá ni bóyá àgbàlagbà kan wà nínú ilé tí òun náà ti ń wúkọ́ fún ìgbà pípẹ́.